Sùúrù Ni Tàbí Ìfònídónìí-Fọ̀ladọ́la?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó máa ń wá sẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́ nígbà tí a bá bi í pé níbo ni ó bá iṣẹ́ rẹ̀ dé. Yóò ní, "Ẹ ní sùúrù fún mi, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́." Òwe náà dára, àwọn baba wa ló pa á. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣí ìwé akẹ́kọ̀ọ́ náà wò, a óò rí i pé kò tíì kọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan síbẹ̀. Kò fẹ̀sọ̀ mú iṣẹ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni kò fagbára mú un. Kò tilẹ̀ mú un rárá.

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nìyẹn. Nígbà wo ni dídúró jẹ́ sùúrù, tí ó sì yẹ fún ìyìn? Nígbà wo ni ó di ìfònídónìí-fọ̀ladọ́la, tí ó sì yẹ kí a sá fún? Ìbéèrè yìí kàn wá gidigidi, nítorí pé ẹ̀sìn wa gbé sùúrù ga. Ohun tó bá níyì ni àwọn ènìyàn máa ń ṣe ayédèrú rẹ̀. Kò sẹ́ni tí ń ṣe ayédèrú owó tí a kò ná mọ́. Nítorí náà, kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu pé ayédèrú sùúrù pọ̀ láàárín wa.

Ẹ̀kọ́ inú dodo Ìkirè

Ẹni tí ó bá ti gba ojú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ kọjá rí yóò mọ dodo Ìkirè. Kì í ṣe irú dodo tí a ń jẹ pẹ̀lú ìrẹsì nílé. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí ó ti pọ́n jù ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọn óò bó o, wọn óò fi ata àti iyọ̀ pò ó, wọn óò sì dín in nínú epo pupa títí yóò fi dúdú. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ nípa rẹ̀ ni pé obìnrin kan tí kò ní nǹkan mìíràn nílé ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rọ̀ jù ni ó kọ́kọ́ dán an wò, tí ó sì rí i pé ó dùn.

Ẹni tí ó fẹ́ràn láti máa fi nǹkan falẹ̀ lè gbá ìtàn yìí mú, kí ó ní, "Ẹ ò rí i? Ohun tó pẹ́ náà ló dùn." Kí a tó gbà fún un, ẹ jẹ́ kí a wo ọwọ́ ẹni tí ń dín dodo. Ojoojúmọ́ ni ó ń yẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ wò, tí ó ń fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ó mọ èyí tó ku ọjọ́ méjì, ó sì mọ èyí tó jẹ́ tòní. Ata ti wà ní lílọ̀, epo ti wà nílẹ̀, igi ìdáná ti wà lẹ́yìn ilé. Lọ́jọ́ tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá pé, kò jẹ́ sọ pé ó di ọ̀la. Bí ó bá di ọ̀la, ọ̀gẹ̀dẹ̀ yóò jẹrà, owó tó fi rà á yóò sì wọgbó.

Ohun méjì ni a rí kọ́ níbẹ̀. Èkíní, ohun tí obìnrin náà ń dúró dè ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ bí ó ti ń dúró. Bí ilẹ̀ ti ń mọ́ ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń pọ́n sí i. Èkejì, ó mọ ọjọ́ tí òun ń dúró dè, ọwọ́ rẹ̀ kò sì dilẹ̀. Sùúrù nìyẹn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí olùkọ́ fún wa kì í pọ́n nínú báàgì. Bí a fi í síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bí ó ti wà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ náà ni a óò bá a, àfi pé ọjọ́ tó kù ti dín.

Kí ló dé tí a fi ń sá fún iṣẹ́?

Ọ̀pọ̀ òbí gbà pé ọ̀lẹ ni gbogbo ọmọ tó ń fi iṣẹ́ falẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 2013, àwọn onímọ̀ méjì nípa ìhùwà ẹ̀dá, Fuschia Sirois àti Timothy Pychyl, ṣàlàyé pé kì í ṣe aago ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò mọ̀ ọ́n wò. Ohun tí iṣẹ́ náà ń mú kí ó rò lọ́kàn ni ó ń sá fún: ẹ̀rù pé òun kò ní lè ṣe é dáadáa, tàbí kí iṣẹ́ náà sú u, tàbí kí ó má mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá ti gbé e tì, ara á tù ú lójú ẹsẹ̀. Ọwọ́ ọ̀la ni ó ti yá ìtura yẹn, ọ̀la ni yóò sì san gbèsè náà.

Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 2006, ní ọgbà kan ní Ìkirè, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ nípa èdè, ìtàn àti àṣà. Ẹ jẹ́ kí a fojú inú wo akẹ́kọ̀ọ́ kan níbẹ̀ tí wọ́n ní kí ó kọ àròkọ olójú ewé mẹ́wàá. Lọ́jọ́ tó yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀, yóò gbá yàrá, yóò fọ gbogbo aṣọ rẹ̀, yóò sì gbé fóònù kí ó lè sinmi díẹ̀. Nígbà tí yóò fi gbójú sókè, wọ́n ti ń pe ìrun Ìsáì.

Ohun tó tún yẹ ká kíyè sí ni pé iṣẹ́ rere pàápàá ṣeé fi bojú. Àwa ọmọ ẹgbẹ́ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ọmọ ẹgbẹ́ wà tí kì í pa ìpàdé jẹ, òun ni ó ń to àga, òun ni ó ń pín ìwé ìkéde. Bí a bá bi í nípa ẹ̀kọ́ rẹ̀, yóò ní iṣẹ́ Ọlọ́run ni òun ń ṣe. A dúpẹ́ fún ìrànlọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ìwé tó ń dẹ́rù bà á ni ó sá fún wá sí ìpàdé, ẹgbẹ́ kò ràn án lọ́wọ́, òun náà kò sì ṣe ẹgbẹ́ lóore. Lọ́jọ́ tó bá fìdí rẹmi, ẹgbẹ́ ni àwọn òbí rẹ̀ yóò dá lẹ́bi.

Ìdí mìíràn ni àìmọ ìṣirò ọjọ́. Ní ọdún 1994, Roger Buehler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 37 tí ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá wọn léèrè pé ọjọ́ mélòó ni yóò gbà wọ́n. Bí a bá pín in dọ́gbadọ́gba, wọ́n ní nǹkan bí ọjọ́ 34. Wọ́n tún bi wọ́n pé bí gbogbo nǹkan bá wọ́ ńkọ́? Wọ́n ní nǹkan bí ọjọ́ 49. Nígbà tí wọ́n parí, ó lé ní ọjọ́ 55. Ẹ kíyè sí i pé èyí tí wọ́n pè ní bíburú jù pàápàá kò tó. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ ní Kánádà, kí ni a óò wá sọ níbi tí iná mànàmáná ti lè lọ láti àárọ̀ títí di òru?

Oníṣòwò ọjà Àpòmù

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ bí a ti ń ka ọjọ́, kí ó rántí ọjà Àpòmù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kí ogun Òwu tó dé, ọjà náà lókìkí gan-an. Ibẹ̀ ni àwọn ará Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé. Kò sí ọkọ̀ nígbà náà, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn, orí ni wọ́n sì fi ń ru ẹrù. Láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Àpòmù, ìrìn ọjọ́ kan kò tó fún ẹni tó rẹrù. Oníṣòwò Ìjẹ̀bú kò lè jí lọ́jọ́ ọjà kí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa di ẹrù. Láti ọjọ́ ọjà ni yóò ti kà sẹ́yìn: ọjọ́ wo ni mo gbọ́dọ̀ gbéra? Ọjọ́ wo ni mo gbọ́dọ̀ ti ra ọjà jọ? Bí ó bá dé lọ́jọ́ kejì, ilẹ̀ ọjà nìkan ni yóò bá.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìdánwò rí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni a ti máa ń mọ àsìkò ìdánwò WAEC, àwọn àgbà sì ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ti JAMB tún le sí i. Láti ọdún 2015, orí kọ̀ǹpútà ni gbogbo ènìyàn ti ń ṣe é. Bí gbèdéke ìforúkọsílẹ̀ bá pé, ẹ̀rọ á ti ilẹ̀kùn, a kì í sì í dọ̀bálẹ̀ bẹ ẹ̀rọ. Ẹni tó bá pẹ́ lẹ́yìn yóò dúró di ọdún tó ń bọ̀. Ẹni tó jẹ gbèsè ààwẹ̀ Ràmàdáánì náà mọ̀ pé oṣù mọ́kànlá ni òun ní láti san án kí òmíràn tó dé, síbẹ̀ inú oṣù Ṣàbáánì ni ọ̀pọ̀ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ń ka iye tó kù. Àìtètè mú olè ni olè fi ń mú olóko.

Àkókò ta ni?

Níbi tí a dé yìí, ẹnìkan lè sọ pé, "Èmi ni mo ni àkókò mi. Bí mo bá fi ṣòfò, èmi ni mo pàdánù." A kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó jókòó sí kíláàsì, ẹlòmíràn ni ó dúró síbìkan kí ó lè jókòó. Bóyá ìyá rẹ̀ ni, tí èéfín ń kó sí lójú nídìí agbada epo. Bóyá bàbá rẹ̀ ni, tó ń ká kòkó lóko. Owó tí wọ́n san kì í ṣe fún ìwé nìkan, wọ́n fi ra àkókò fún ọmọ náà, pé kí ó má wá sóko, kí ó má kiri ọjà. Àkókò yẹn jẹ́ ohun tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ rẹ̀. Bí ó bá tún ọdún kan ṣe nítorí ìfàfalẹ̀, owó ilé-ìwé àbúrò rẹ̀ ni ó lè jẹ́ pé ó fi tún un ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni iṣẹ́ tí a pín fún ènìyàn mẹ́fà: ẹni kan tí kò ṣe tirẹ̀ ti dá àwọn márùn-ún dúró.

Ọ̀rọ̀ "Ìnṣáà-Állàhu" náà kàn wá. Ọ̀rọ̀ ńlá ni, ẹni tó ti pinnu tán, tó sì mọ̀ pé ọwọ́ Ọlọ́run ni àṣeyọrí wà, ni ó yẹ kí ó máa sọ ọ́. Ṣùgbọ́n àwọn kan ti sọ ọ́ di ọ̀nà láti kọ̀ láìsọ pé àwọn kọ̀. Ẹni tí kò ní i lọ́kàn láti ṣe nǹkan, kí ó má fi orúkọ Ọlọ́run bo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Síbẹ̀, kí a má fi gbogbo ènìyàn sójú ìwọ̀n kan náà. Ọmọbìnrin wà tí ó ń pọnmi, tí ó ń dáná fún gbogbo ilé, tí ó ń fọ abọ́, tí ilẹ̀ sì ti ṣú kí ó tó ráyè ṣíwèé, nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ti ń wo bọ́ọ̀lù láti ìrọ̀lẹ́. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ, ẹrù ni ó pọ̀ jù fún un. Wàásù kọ́ ni ó nílò. Ohun tó nílò ni kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dìde gbé garawa omi.

Ohun tí a lè ṣe

Ìkíní, kí a gé iṣẹ́ sí wẹ́wẹ́. Àwọn tó lọ sí ilé kéwú àtijọ́ mọ bí wàláà ti ń ṣiṣẹ́. Ìwọ̀nba tí ọmọ lè kọ́ ni alùfáà ń kọ sí i fún un. Bí ó bá mọ̀ ọ́n tán ni wọ́n ń fọ̀ ọ́ kúrò, tí wọ́n sì ń kọ òmíràn. Báyìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe parí Àlùkùránì láìjẹ́ pé ìwé náà dẹ́rù bà wọ́n. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ pé "kọ iṣẹ́ àṣekágbá". Kí ó kọ ọ́ pé "ka ojú ewé márùn-ún, kí o sì kọ ohun tó wà níbẹ̀ ní ìlà mẹ́wàá". Wàláà kan nìyẹn.

Ìkejì, kí a dárúkọ àkókò àti ibi tí a óò ti ṣe é. Ní ọdún 1997, Peter Gollwitzer àti Veronika Brandstätter tẹ ìwádìí kan jáde láti Jámánì. Wọ́n fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní iṣẹ́ kan láti ṣe nígbà ìsinmi Kérésìmesì. Wọ́n ní kí àwọn kan sọ àkókò àti ibi tí wọn óò ti ṣe é, wọn kò sì bi àwọn yòókù. Nínú àwọn tó dárúkọ ibi àti àkókò, nǹkan bí mẹ́ta nínú mẹ́rin ló ṣe é lásìkò, ṣùgbọ́n nínú àwọn yòókù, nǹkan bí ẹnìkan nínú mẹ́ta ni. Ó rọrùn fún wa jù, nítorí pé ọjọ́ wa ti ní òpó márùn-ún tí a lè so iṣẹ́ mọ́: Àsùbáà, Àìlà, Àláásàrí, Màǹgàríbì àti Ìsáì. "Lẹ́yìn Àsùbáà, lórí tábìlì yàrá, kí n tó fọwọ́ kan fóònù" dára ju "màá kàwé lọ́la" lọ.

Ìkẹta, kí a ní ẹlẹ́rìí. Kí ọ̀rẹ́ méjì nínú ẹgbẹ́ máa bi ara wọn lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ pé, "Èwo lo ṣe nínú èyí tí o sọ?" Kí ẹni tí kò rí i ṣe má purọ́, kí ẹni tó ń bi í má sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀rù ni ó kọ́kọ́ lé e sá, èébú kò lè dá a padà.

Bí a bá wá ń dúró de ohun kan, ìbéèrè mẹ́ta ni kí a bi ara wa. Kí ni mò ń dúró dè? Ọjọ́ wo ni yóò pé? Kí ni ọwọ́ mi ń ṣe kí ó tó pé? Ẹni tó bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, sùúrù ni ó ń ṣe, kí ó fọkàn balẹ̀. Ẹni tí kò bá rí ìdáhùn, kí ó mú iṣẹ́ kan lára èyí tó gbé tì, kí ó gé wàláà àkọ́kọ́ lára rẹ̀, kí ó sì ṣe é kí ìrun tó kàn tó wọlé.

Kí Ọlọ́run Ọba fi ìbùkún sí àkókò wa, kí ó má jẹ́ kí làálàá àwọn òbí wa já sí asán. Àmín.