Báǹdì Totti àti Kọ́kọ́rọ́ Bàbá Ládánì

Ọjọ́ kejì ààwẹ̀ Rámádáánì ni, ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 2017. Ilé tí a ti ń wo bọ́ọ̀lù ládùúgbò wa n'Ìbàdàn kò kún, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn ti lọ múra ìṣínu, àwọn tó kù kò sì rí ìdí tí èèyàn á fi sanwó wo Roma àti Genoa. Èmi jókòó síwájú pẹ̀lú dàbínù mẹ́ta nínú láílọ́ọ̀nù àti omi inú ọ̀rá kan. Totti, balógun Roma, ni mo wá wò. Ní ìṣẹ́jú 54, wọ́n yọ Mohamed Salah, ọkùnrin ẹni ogójì ọdún náà sì wọlé fún ìgbà ìkẹyìn.

Ọmọkùnrin kan wà lẹ́yìn mi tí kò lè ju ẹni ogún ọdún lọ. Ó sọ ọ́ sókè pé, "Kí bàbá yìí ṣáà máa lọ. Ó ti pẹ́ jù." Mo yíjú wò ó. Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń bú èèyàn. Bí ìgbà tí èèyàn ní ilẹ̀ ti ń ṣú ló ṣe sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára ju bó ṣe rò lọ, nítorí ó kù díẹ̀ kí n pé ẹni ọgọ́ta ọdún nígbà náà, àti nítorí ohun kan tí a ṣe ní mọ́sáláṣí wa, tí n óò sọ tó bá yá.

Ìṣẹ́jú 90 ni Diego Perotti jẹ góòlù kẹta tí Roma fi borí. Kò pẹ́ sígbà náà ni wọ́n pe ìrun Màgàríbì. Ibi tí mo jókòó sí ni mo ti fi dàbínù ṣínu. Nígbà tí mo padà gbójú sókè, Totti ti mú ìwé dání láàrin pápá, ó ń kà á fún àwọn tó kún Stadio Olimpico, ó sì ń sọ fún wọn pé ẹ̀rù ń ba òun. Ọkùnrin tó wà nínú ikọ̀ Ítálì tó gba Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé lọ́dún 2006, tó gbá pẹnáritì ìṣẹ́jú ìkẹyìn sáwọ̀n Australia láìmikàn, òun ló ń sọ pé ẹ̀rù ń ba òun. Àwọn àgbààgbà ọkùnrin ń sunkún níbẹ̀ bí ẹni tí èèyàn kú fún.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń bi ara mi: ṣé ó yẹ kí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù máa pa balógun tó ti dàgbà mọ́? Bí ó bá yẹ, kí ni wọ́n ń pa mọ́ gan-an?

Ọmọ Róòmù pọ́ńbélé ni Totti. Ẹni ọdún 16 ni nígbà tó kọ́kọ́ bá àgbà ikọ̀ Roma gbá bọ́ọ̀lù, ní oṣù Kẹta ọdún 1993. Ó di balógun lọ́dún 1998. Kó tó fẹ̀yìn tì, ó ti gbá ìdíje 786, ó sì ti jẹ góòlù 307, gbogbo rẹ̀ fún Roma. Líìgì kan ṣoṣo ló bá wọn gbà, lọ́dún 2001. Real Madrid fẹ́ ẹ, kò lọ. Ká ní ó lọ ni, bóyá ife ì bá kún ilé rẹ̀ débi tí kò ní ráyè jókòó.

Oṣù Kejì ọdún 2016 ni ìjà bẹ́ síta. Totti bá tẹlifíṣọ̀n RAI sọ̀rọ̀, ó ní òun fẹ́ kí wọ́n túbọ̀ máa bọ̀wọ̀ fún òun. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Luciano Spalletti, ní kó máa lọ sílé lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ bá Palermo gbá. Balógun kúrò ní àgọ́. Nígbà tó di alẹ́, àárín àwọn òǹwòran ló jókòó sí, Roma sì na Palermo ní 5-0 láìsí i lórí pápá. Àwọn èèyàn dìde pàtẹ́wọ́ fún ẹni tí kò gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n súfèé sí ẹni tó borí.

Mi ò ní parọ́ mọ́ Spalletti. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un ni pé kí Roma máa borí, Roma sì ń borí. Ní sáà tó tẹ̀ lé e, máàkì 87 ni wọ́n kó, Juventus nìkan ló wà níwájú wọn. Orúkọ ńlá kò ní kí orúnkún má dun èèyàn. Bí akọ́nimọ̀ọ́gbá bá ń fojú àánú yan ikọ̀, àwọn mẹ́wàá yòókù ló ń fìyà jẹ. Ọ̀dọ́mọdé tó ti ń jí lọ gbá bọ́ọ̀lù látìgbà tó ti wà ní kékeré, tí àsìkò tirẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, a ò gbọdọ̀ sọ fún un pé kó dúró nítorí pé a ò láyà láti bá àgbà kan sọ̀rọ̀. Ìrẹ́jẹ nìyẹn, kódà bó bá wọ aṣọ ọ̀wọ̀.

Àwọn tó fẹ́ kí wọ́n máa lo Totti lọ máa ń fi ìdíje Torino ṣe ẹ̀rí. Ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin ọdún 2016 ni. Torino ti ń lu Roma ní 2-1, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin, Totti wọlé. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tó kan ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ àwọ̀n lọ. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ó gbá pẹnáritì wọlé, Roma borí ní 3-2. Ẹni ọdún 39 ni nígbà náà. Mo fò sókè débi pé bẹ́ǹṣì tí mo jókòó lé ṣubú lu ẹsẹ̀ ẹlòmíì. Ṣùgbọ́n nígbà tí ayọ̀ náà rọlẹ̀, mo bi ara mi pé ẹ̀rí kí nìyí. Bí bàbá àgbà bá jó níbi ìgbéyàwó ọmọ ọmọ rẹ̀, tí gbogbo agbo sì hó yèè, kò túmọ̀ sí pé kí wọ́n gbé ọkọ́ fún un lọ́jọ́ kejì pé kó lọ kọ ebè.

Ìbàdàn ni mo ti dàgbà, ìlú tí kì í fẹ̀yìn àgbà tì. Ẹni tó bá wọ ìlà oyè, ìbáà jẹ́ ìlà Ọ̀tún, ìbáà jẹ́ ìlà Balógun, ipò kan sí ìkejì ni yóò máa gùn títí ọlọ́jọ́ á fi dé tàbí tí yóò fi di Olúbàdàn. Wọn kì í tìtorí ewú fo ẹnikẹ́ni. Orí ewú ni wọ́n ń gbà débẹ̀. Mo fẹ́ràn ètò yìí dọ́kàn. Síbẹ̀, Balógun òde òní kì í gbé ìbọn. Láyé ogun Ìjàyè, nígbà tí Ibíkúnlé jẹ́ Balógun, ẹni tó bá jẹ oyè náà ló ń kó ọmọ ogun jáde. Ìgbà tí ogun kásẹ̀ nílẹ̀ ni ara tó rọ ẹni tó jẹ ẹ́, tó lè fi í darúgbó. Ní Róòmù, gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ ni ogun ń bẹ.

Lójú tèmi, ohun tó ń rú wa lójú ni ẹni tó ni báǹdì tí balógun máa ń so mọ́ apá. Àwọn kan gbà pé ti ẹni tó wà lápá rẹ̀ ni, pé òógùn rẹ̀ ló fi rà á. Àwọn mìíràn ní ẹgbẹ́ ló ni ín, kí wọ́n gbà á nígbàkigbà tó bá wù wọ́n. Àwa Mùsùlùmí ní ọ̀rọ̀ kan tó bá a mu ju méjèèjì lọ, àmánà. Wọ́n gbé nǹkan pa mọ́ sí ọ lọ́wọ́ nítorí pé wọ́n fọkàn tán ọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá bèèrè rẹ̀, o ò gbọdọ̀ ní o ò dá a padà. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé e pa mọ́ náà ní ẹ̀tọ́ tó gbọ́dọ̀ ṣe. Ìyá mi máa ń fi owó pa mọ́ sọ́dọ̀ ìyá kan ní agbo ilé kejì. Kò fìgbà kankan rán wa lọ gbà á. Yóò wé gèlè, yóò lọ fúnra rẹ̀, yóò jókòó, yóò bèèrè àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò dúpẹ́, kó tó dárúkọ owó.

Ẹ wo Khalid bin Walid. Nígbà tí Umar bin Khattab di kàlífà lọ́dún 634, ó yọ Khalid kúrò nípò olórí ogun, ó fi Abu Ubayda sí i. Khalid kò tíì darúgbó, ogun kò sì ṣẹ́ ẹ. Ohun tí àwọn òpìtàn sọ pé ó fà á ni pé Umar kò fẹ́ kí àwọn èèyàn máa rò pé Khalid ló ń fún wọn ní ìṣẹ́gun, kí wọ́n gbàgbé Ọlọ́run. Mo ti gbọ́ wáàsí lórí ìtàn yìí láìmọye ìgbà. Ibi tí àwọn àáfà máa ń tẹ̀ mọ́ ni ìtẹríba Khalid, bó ṣe ń bá a lọ láti jà lábẹ́ ẹni tó gba ipò rẹ̀. Abu Ubayda ni ọkàn tèmi máa ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní ìwé ìyọnípò náà dé ọwọ́ rẹ̀ nígbà tí ogun ń lọ lọ́wọ́, ó sì ká a pa mọ́ títí ogun fi rọlẹ̀, nítorí kò fẹ́ já Khalid kulẹ̀ lójú àwọn tó ń tẹ̀ lé e. Àṣẹ kàlífà ni, kò sì tako àṣẹ. Ó kàn mọ̀ pé èèyàn ni yóò ka ìwé náà.

Èyí ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ Bàbá Ládánì.

Láti ìgbà tí mo ti wà ní ilé-kéú ló ti ń pe ìrun ní mọ́sáláṣí wa. Ó máa ń jẹ orógbó kó tó dìde. Yóò ti fìlà sẹ́yìn díẹ̀, yóò fi ìka di etí, yóò mí kanlẹ̀. Nígbà tó yá, ohùn lọ. Ní àsùbáà, ikọ́ á gbé e láàrin ìpè, gbohùngbohùn á sì gbé ikọ́ náà káàkiri àdúgbò. Àwọn ọ̀dọ́ ń rẹ́rìn-ín. Àlejò ń bèèrè pé ṣé ara bàbá yá. Ìgbìmọ̀ mọ́sáláṣí jókòó lé e lórí, èmi sì ni akọ̀wé. A fẹnu kò pé kí ọmọkùnrin kan tó kẹ́wú dáadáa, tí ohùn rẹ̀ sì dùn, gba iṣẹ́ náà. Títí di òní mo gbà pé ìpinnu yẹn tọ́. Ìpè kì í ṣe ti bàbá. Ti Ọlọ́run ni, nítorí àwọn tó ń sùn ni wọ́n sì ṣe ń pè é.

Ẹni tí yóò lọ sọ fún un ni a ò rí. Lemọ́ọ̀mù ní ojú ń ti òun. Alága ní òun fẹ́ rìnrìn àjò. Wọ́n ní kí n kọ ìwé. Mo kọ ọ́ tọkàntọkàn; mo dúpẹ́ nínú rẹ̀, mo ṣàdúà nínú rẹ̀, mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí bébà tó dára, mo sì fi rán ọmọ ilé-kéú kan. Mo gbàgbé pé Lárúbáwá nìkan ni bàbá mọ̀ ọ́n kà. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ló ka ọ̀rọ̀ ìyọnípò rẹ̀ sí i létí, lójú àwọn tó ń ra ẹ̀kọ níwájú ilé rẹ̀.

Ìdí nìyí tí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ 3 oṣù Karùn-ún ọdún 2017 fi dùn mí ju ti Palermo lọ. Monchi, olùdarí tí Roma ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wá láti Sevilla, jókòó síwájú àwọn oníròyìn lọ́jọ́ tí wọ́n ń fi í hàn, ó sì ní sáà yẹn ni Totti máa fi gbá bọ́ọ̀lù mọ. Àlejò tí kò tíì mọ ibi tí kànga wà ló kéde ìfẹ̀yìntì baálé. Ní ọdún 2019, ó kan Daniele De Rossi, tó gba báǹdì lẹ́yìn Totti, tó ti gbá ìdíje 616 fún Roma. Òun ṣì fẹ́ máa gbá, ẹgbẹ́ ní ó tó. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, Totti fúnra rẹ̀ kọ iṣẹ́ olùdarí tí wọ́n fún un sílẹ̀.

Nítorí náà, bí Roma bá bi mí, tàbí Shooting Stars tiwa níbí, n óò ní kí wọ́n gba báǹdì náà, kí wọ́n sì gbà á kó tó di pé ọmọdé ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó ni ilé dìde, kó lọ bá ọkùnrin náà nílé rẹ̀, kó sọ ọ́ fún un ní ojúkojú, kó sì jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ wá sọ ọ́ fún ayé. Bí wọn kò bá lè ṣe èyí, a jẹ́ pé wọn kò tíì tó ẹni tí ń gba àmánà padà.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó láyà láti lọ sọ́dọ̀ Bàbá Ládánì. Mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀. Kò bú mi. Ó ní kí wọ́n bu omi fún mi, ó sì jẹ́ kí n mu ún tán. Lẹ́yìn náà ló fa kọ́kọ́rọ́ kan yọ nínú àpò, èyí tí wọ́n so mọ́ àkúfọ́ igbá. Kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù tí à ń kó gbohùngbohùn sí ni. Ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, ojoojúmọ́ ló ń jí ṣáájú ọmọ náà, tó ń lọ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù sílẹ̀ dè é, tó sì ń padà lọ jókòó sẹ́yìn nínú òkùnkùn.

"Akọ̀wé," ó ní, "ẹ ò dárúkọ kọ́kọ́rọ́ nínú ìwé yín. Ta ni kí n fún?"