Ènìyàn Laṣọ Mi: Ṣé Irọ́ Ni A Ó Fi Bọlá fún Òkú?

Lọ́dún tó kọjá, bàbá tó bí ìyá mi lọ́mọ sùn nínú Olúwa ní ẹni ọdún 84. Nítorí pé èmi ni mo wà ní yunifásítì nínú àwọn ọmọ-ọmọ, èmi ni wọ́n ní kí n kọ ìtàn ìgbésí ayé wọn sínú ìwé ètò ìsìnkú. Mo rò pé iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan ni. Ó gbà mí ní ọjọ́ mẹ́fà, ó sì fi ìbéèrè kan sí mi lọ́kàn tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò: bí Kristẹni bá fẹ́ bọlá fún òkú, ṣé kí ó sọ rere nìkan ni, àbí kí ó sọ òtítọ́?

Bàbá kò ṣòro láti yìn. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n. Wọ́n ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà tí wọ́n bá àwọn ẹ̀gbọ́n wọn lọ sí Tamale ní àríwá Ghana, níbi tí àwọn ará ìlú wọn ti ń ṣòwò tipẹ́. Aṣọ ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Nígbà tí ìjọba Busia pàṣẹ ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Ghana láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, Bàbá fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, wọ́n sì gbé ìwọ̀nba ẹrù tí ọwọ́ wọn ká wálé. Kò pẹ́ tí wọ́n tún fi gbéra lọ sí Jos. Wọ́n gbọ́ Haúsá bí ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀. Bí wọ́n bá wọ mọ́tò láti Jos, kí ọkọ̀ tó dé Akwanga, gbogbo èrò inú rẹ̀ ti di ẹbí. Ọ̀rọ̀ tí kì í kúrò lẹ́nu wọn ni, "Ènìyàn laṣọ mi." Ó ṣọ̀wọ́n kí ilẹ̀ ṣú kí àlejò má sùn ní pálọ̀ wọn.

Mo kọ gbogbo èyí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo kọ gbólóhùn tí ẹ̀yin náà ti kà nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ láìmọye ìgbà: pé bàbá rere ni wọ́n, tí kò fi ohunkóhun du àwọn ọmọ rẹ̀. Mo kà á sí etí ìyá mi níbi tí wọ́n ti ń ránṣọ. Ẹ̀rọ ìránṣọ náà dákẹ́. Màámi kò sọ nǹkan kan. Nígbà tó yá, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í rán aṣọ wọn lọ.

Alẹ́ ni wọ́n tó ṣàlàyé fún mi. Lọ́dún 1991, nígbà tí ìyá mi fẹ́ wọ kíláàsì kẹta ní sẹ́kọ́ńdìrì, Bàbá mú owó ilé ìwé wọn jáde pé àwọn ń lọ san án. Ní gáréèjì, wọ́n pàdé ọkùnrin kan tí wọ́n ti jọ gbé Tamale rí. Ọmọ ọkùnrin náà ń ṣàìsàn, kò sì ní owó tí yóò fi gbé e lọ sílé ìwòsàn. Bàbá kó owó náà fún un. Wọ́n ní Ọlọ́run yóò pèsè òmíràn. Ọjà kò tà lọ́dún náà. Ìyá mi jókòó sílé fún sáà kan, sáà kan di ọdún kan, ni wọ́n bá fi wọ́n síbi iṣẹ́ télọ̀. Wọn kò padà sílé ìwé mọ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tètè dájọ́. Ọmọ tó ń ṣàìsàn yẹn yè. Ó ti di baálé ilé báyìí, ó sì wá síbi ìsìnkú náà. Oore ńlá ni Bàbá ṣe. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ló san owó oore náà, wọn kò sì bi í kí wọ́n tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin ní kí n fi gbólóhùn mi sílẹ̀ bó ṣe wà. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ọjọ́ a kú là á dère, ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè. Ṣé ìwọ lo fẹ́ wá yí i padà?" Wọ́n sì rán mi létí òfin karùn-ún, pé kí a bọ̀wọ̀ fún bàbá àti ìyá.

Mo gbé ọ̀rọ̀ wọn lọ síwájú Bíbélì. Nínú 2 Sámúẹ́lì 1, Dáfídì ṣọ̀fọ̀ Sọ́ọ̀lù, ẹni tó lé e káàkiri aginjù. Kò mẹ́nu kan ọ̀kọ̀ tí Sọ́ọ̀lù jù lù ú. Ó yin agbára rẹ̀, ó sì rán àwọn ọmọbìnrin Ísírẹ́lì létí aṣọ dáradára tó fi wọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n kò sọ pé Sọ́ọ̀lù kò ṣe òun ní ibi kankan rí. Dáfídì dákẹ́, kò purọ́. Ẹni tó dákẹ́ ti ilẹ̀kùn, a ṣì lè ṣí i lọ́la. Ẹni tó purọ́ mọ ògiri dí ẹnu ọ̀nà, ẹni tó wà nínú ilé kò sì ní ríbi jáde mọ́.

Nígbà tó kan Dáfídì fúnra rẹ̀, ẹ wo 1 Àwọn Ọba 15:5. Ẹsẹ náà yìn ín pé ó ṣe ohun tó tọ́ lójú Olúwa, ó sì yọ ọ̀ràn Ùráyà ará Hítì sọ́tọ̀ nínú ìyìn kan náà. Mátíù 1 pàápàá kò ka ìran Olúwa wa kọjá láìdárúkọ Ùráyà. Dáfídì kò torí èyí di ẹni ẹ̀tẹ́. Ùráyà ni kò di ẹni ìgbàgbé.

Síbẹ̀, mo bi ìyá mi bóyá kí n gbà fún ẹ̀gbọ́n wọn kí àlàáfíà lè wà. Wọ́n ní, "Ọdún mẹ́rìnlá ló gbà mí kí n tó dárí ji bàbá mi. Mo sọ fún wọn, wọ́n sì sunkún. Bí o bá wá kọ ọ́ pé wọn kò ṣẹ̀ mí rí, kí ni mo dárí rẹ̀ jì wọ́n?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló tan ìmọ́lẹ̀ sí mi. Irọ́ tí a ń pa nítorí òkú kì í fi kún ọlá òkú. Ó ń gba ìdáríjì lọ́wọ́ alààyè ni. Ó ń sọ oore-ọ̀fẹ́ di ohun tí a kò nílò.

Mo yọ gbólóhùn náà. N kò fi ọ̀rọ̀ owó ilé ìwé rọ́pò rẹ̀, nítorí ọgbẹ́ ìyá mi ni, kì í ṣe tèmi láti kà fún ìjọ. Mo ṣe bí àwọn opó Jópà nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 9. Nígbà tí Dọ́kásì kú, aṣọ tó rán fún wọn ni wọ́n fi han Pétérù. Mo kọ ohun tí Bàbá ṣe fún ẹni tí wọ́n ṣe é fún. Mo sì fi kún un pé nígbà mìíràn wọ́n fún àlejò ní ohun tó jẹ́ ti ilé, àti pé àwọn ọmọ wọn fẹ́ràn wọn síbẹ̀.

Ní alẹ́ àìsùn, ìyá mi fi ẹnu ara wọn sọ ìyókù fún ẹbí. Gbogbo ilé pa rọ́rọ́. Nígbà tó ṣe, ẹ̀gbọ́n wọn tó ní kí n má yí nǹkan kan padà gbé orí sókè, wọ́n ní àwọn náà ní ìtàn tàwọn. A ò sùn títí ilẹ̀ fi mọ́. A sunkún, a rẹ́rìn-ín, a sì gbàdúrà. Ìyá mi ló rán agbádá funfun tí a fi sin Bàbá. Àwọn náà ló ní kí n kọ èyí fún yín.

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí a ṣì wà láàyè. A mọ gbogbo họ́sítẹ́lì, a ń bẹ aláìsàn wò, a ń sin àlejò dé ẹnu ọ̀nà. Ó dára, ẹ má jẹ́ kí a jáwọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà wo la pe ilé gbẹ̀yìn? Ta ló ń san owó oore wa láìjẹ́ pé a bi í? Pọ́ọ̀lù kò fi ọ̀rọ̀ ará ilé ẹni ṣeré nínú 1 Tímótì 5:8. Òótọ́ ni pé ènìyàn laṣọ wa. Kí Olúwa má jẹ́ kí a wọ aṣọ ńlá lóde, kí ará ilé wa wà ní ìhòòhò. Àmín.