Kànga Rúmà Àti Kọ̀ǹpútà Àwọn Ọmọ Wa



Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ní Sabon Gari àti Samaru ló ń fi kọ̀ǹpútà wá jíjẹ-mímu. Wọ́n ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ahmadu Bello tẹ ìwé. Ṣùgbọ́n ètò orí kọ̀ǹpútà náà, bíi Windows, àdàkọ tí wọn kò sanwó rẹ̀ ni wọ́n sábà ń lò. Ọmọ tó bá mọ bí a ti ń já àgádágodo rẹ̀, àwa òbí a máa yìn ín pé orí rẹ̀ pé. Owó ibẹ̀ la sì fi ń ra àgbò Iléyá.

Bí a bá bi wọ́n, wọ́n á ní ọjà òyìnbó ni, ó wọ́n, ti gbogbo ayé sì ni ìmọ̀.

Ó wọ́n lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ń ṣí kúrò ní Mẹ́kà, dúkìá àwọn tó ń lépa ẹ̀mí rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò kó o lọ. Ó fi Seyyidina Aliyu sílẹ̀ kó dá a padà fún oníkálukú. Ní ọdún 1988, àwọn àgbà onímọ̀ Fíkíhì tó péjọ ní Kuwait sì fẹnu kò pé ẹ̀tọ́ ẹni tó fi ọpọlọ ṣe nǹkan jẹ́ dúkìá tí a kò gbọdọ̀ rú.

Ti ìmọ̀ ńkọ́? Ní 1983, Richard Stallman ará Amẹ́ríkà kéde pé òun yóò ṣe ètò tí ẹnikẹ́ni lè lò, kó tún un ṣe, kó sì pín in. Ní 1991, Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Finland, gbé Linux jáde. Wọn kò já àgádágodo ẹnikẹ́ni; òógùn ara wọn ni. Bẹ́ẹ̀ ni Seyyidina Usman ṣe ní Mọ̀dínà: ó fowó ara rẹ̀ ra kànga Rúmà, ó fi ṣe sàráà fún gbogbo ènìyàn. Kò fipá pọn omi olómi.

Ẹni tó ni nǹkan ló lè sọ ọ́ di ọ̀fẹ́. Linux àti LibreOffice wà lọ́fẹ̀ẹ́ lónìí. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ọwọ́ tó mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kí a ní sùúrù fún àwọn ọmọ. Orúkọ rere ni àwọn bàbá wa fi rí ibi gbé nílùú yìí.

Kí Ọlọ́hun fi hàlálì Rẹ̀ tó wa. Àmín.