Ǹjẹ́ Ó Tọ́ Kí A Gba Owó Sàréè?



Láti ìgbà tí ìgbìmọ̀ ìjọ ti kéde pé a fẹ́ ṣe àtúnṣe sí òfin itẹ́ òkú wa àtijọ́ tí ó wà ní ẹ̀yìn ìlú, ìbéèrè méjì ni ó ń lọ láti ẹnu dé ẹnu láàrin wa. Àwọn kan ń bèèrè bí ó bá tọ́ kí Ìjọ Ọlọ́run máa gba owó kí a tó sin onígbàgbọ́ sí ilẹ̀ mímọ́. Àwọn mìíràn sì ń bèèrè ohun tí ó fi dé tí ẹni tí Ọlọ́run bùkún fún kò fi lè ra àyè kan fún ara rẹ̀ àti fún àwọn ọmọ rẹ̀ títí láé, ní ẹ̀gbẹ́ àgbélébùú ńlá, níbi tí gbogbo ènìyàn yóò ti máa rí i. Bí ó tilẹ̀ dà bí ẹni pé ìbéèrè méjèèjì dojú kọ ara wọn, gbòǹgbò kan náà ni wọ́n ti hù jáde: kí ni ilẹ̀ tí a fi ń bo òkú jẹ́ lójú wa?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Ábúráhámù bàbá wa. Nígbà tí Sárà kú ní Hébúrónì, àlejò ni Ábúráhámù jẹ́ ní ilẹ̀ náà, kò sì ní ibi kan tí ó lè pè ní tirẹ̀. Ó dìde kúrò níwájú òkú aya rẹ̀, ó lọ bá àwọn ọmọ Hétì ní ẹnu ibodè ìlú, ó sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí òun ra ihò Makipélà. Éfúrónì tí ó ni ilẹ̀ náà ní òun fi í tọrẹ. Nígbà tí Ábúráhámù kọ̀ tí ó ní òun yóò san owó rẹ̀, Éfúrónì dáhùn pé ilẹ̀ tí iye rẹ̀ jẹ́ 400 ṣékélì fàdákà, kí ni ìyẹn já mọ́ láàrin àwọn méjèèjì? Ẹni tí ó bá ti ná ọjà rí ní ìlú wa yóò mọ irú ọ̀rọ̀ báyìí: ẹni tí ó ní òun kò fẹ́ gba owó ti dárúkọ iye rẹ̀ tán! Ábúráhámù kò bá a jiyàn. Ó wọn fàdákà náà fún un, ilẹ̀ náà sì di tirẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí.

Póòpù Gírígórì Ńlá ka ìtàn yìí pẹ̀lú ojú àánú ju tèmi lọ. Ní nǹkan bí ọdún 598, obìnrin ọlọ́lá kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Nereida fi ẹ̀sùn ránṣẹ́ sí i láti erékùṣù Sàdíníà, pé Januarius, Bíṣọ́ọ̀bù ìlú Cagliari, ń bèèrè 100 owó wúrà lọ́wọ́ òun nítorí ìsìnkú ọmọbìnrin òun. Póòpù náà kọ̀wé sí Bíṣọ́ọ̀bù yìí, ó sì bá a wí gidigidi. Ó fi yé e pé kò yẹ àlùfáà rárá kí ó máa díyelé ilẹ̀ tí ara ènìyàn yóò jẹrà sí, tàbí kí ó máa fi ọ̀fọ̀ ẹlòmíràn wá èrè. Ó mú Éfúrónì wá gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ: bí kèfèrí bá lè kọ́kọ́ kọ owó nítorí òkú, mélòómélòó ni ó yẹ kí ìránṣẹ́ Kristi ṣe bẹ́ẹ̀? Ó ní òun fúnra òun ti fi òpin sí irú àṣà bẹ́ẹ̀ nínú ìjọ Róòmù láti ìgbà tí òun ti gorí oyè. Ṣùgbọ́n ó fi ọ̀nà kan sílẹ̀. Bí àwọn ẹbí òkú bá mú ohun kan wá tìfẹ́tìfẹ́ fún iná fìtílà inú ilé Ọlọ́run, kí a gbà á. Kí a má ṣáà bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

Ní ibí yìí ni ó yẹ kí a ti fara balẹ̀, nítorí ohun méjì tí ó fara jọ ara wọn ni a sábà máa ń pè ní owó sàréè. Ọ̀kan ni iye orí ilẹ̀ àti iye orí àdúrà: ìyẹn kì í ṣe ohun títà, ẹni tí ó bá sì tà á ń tẹ̀ lé ipasẹ̀ Símónì oníṣẹ́ oṣó tí ó fẹ́ fi owó ra ẹ̀bùn Ẹ̀mí Mímọ́. Èkejì ni owó iṣẹ́. Ọkùnrin tí ó ń fi ìkọ́ àti ṣọ́bìrì gbẹ́ ilẹ̀ olókùúta ní ọ̀sán gangan ní láti jẹun. Ògiri tí òjò wó ní láti dìde, koríko sì ń hù lórí ibojì olówó àti ti tálákà bákan náà. Àwọn àgbà wa ní owó ni kẹ̀kẹ́ Ìhìnrere. Èmi kò rí ẹni tí ó lè jiyàn rẹ̀, èmi tí mo ń san owó fún ẹni tí ń sán oko ibẹ̀. Owó iṣẹ́ yìí tọ́, ó sì yẹ kí gbogbo ẹni tí ó bá lágbára san án láìkùn.

Ohun tí kò tọ́ ni kí owó di ìlẹ̀kùn. Mo ń sọ èyí nítorí àṣà kan tí ó ti wọ ọ̀pọ̀ ìjọ ní ilẹ̀ wa. Bí ọmọ ìjọ bá kú, kí àwọn ọmọ rẹ̀ tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ìtùnú kan, a ó ti ní kí wọ́n mú káàdì owó ìjọ rẹ̀ wá, kí a ṣírò gbèsè ọdún mẹ́ta tàbí márùn-ún, kí a sì fi dandan lé e pé bí wọn kò bá san án, àlùfáà kò ní í dé ojú sàréè. Àwọn ìgbìmọ̀ tí ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní àwíjàre tiwọn: wọ́n ní bí a kò bá ṣe é báyìí, kò sí ẹni tí yóò san owó ìjọ mọ́ nígbà tí ó wà láàyè. Mo mọ̀ pé òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a wo Òfin Ìjọ tí Póòpù Jòhánù Pọ́ọ̀lù Kejì gbé jáde ní ọdún 1983. Òfin 1184 dárúkọ àwọn tí a lè fi ìsìnkú Ìjọ dù bí wọn kò bá fi àmì ìrònúpìwàdà kankan hàn kí wọ́n tó kú: àwọn tí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé wọ́n ti kọ ìgbàgbọ́, tàbí tí wọ́n ti ya kúrò nínú rẹ̀, àwọn tí wọ́n yàn kí a sun òkú wọn nítorí pé wọ́n kórìíra ẹ̀kọ́ Kristi, àti ẹlẹ́ṣẹ̀ paraku tí ìsìnkú rẹ̀ yóò jẹ́ ohun ìkọ̀sẹ̀ ní gbangba. Ẹ wá a lókè, ẹ wá a nísàlẹ̀, ẹ kò ní í rí ajigbèsè owó ìjọ nínú wọn. Kàkà bẹ́ẹ̀, Òfin 1181 kìlọ̀ pé nínú ọ̀rọ̀ ọrẹ ìsìnkú, kí a má ṣe ojúsàájú, kí a má sì fi ìsìnkú tí ó yẹ du tálákà. Gbèsè ẹni tí ó kú ti bá a lọ sí ọ̀dọ̀ Onídàájọ́ tí ó mọ ìdí rẹ̀ jù wá lọ. Opó tí ń sunkún níwájú wa kọ́ ni ó jẹ ẹ́.

Ẹ rántí Tóbítì ní Nínéfè. Àwọn ọmọ Ísírẹ́lì tí ọba pa, tí a sì jù sí ẹ̀yìn odi ìlú, òun ni ó ń jí gbé láti sin. Iṣẹ́ yìí mú kí ó pàdánù gbogbo ohun ìní rẹ̀. Títí di òní, sísin òkú jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ àánú ti ara méje tí a ń kọ́ àwọn ọmọdé nínú Katikísmù. Nínú ìtàn Tóbítì, ẹni tí ń sin òkú ni ó ń náwó.

Ó kù nísinsìnyí ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ní owó, tí ó sì fẹ́ ra àyè títí láé. Kí a má baà fi ojú burúkú wo ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí a rántí ibi tí a ti ń bọ̀. Nínú ilé, ní yàrá tàbí ní ọ̀ọ̀dẹ̀, ni àwọn bàbá wa ń sin àgbà sí, kí ó má baà jìnnà sí àwọn ọmọ rẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń gbé lọ sí igbó ni àwọn tí ikú wọn ń ba ni lẹ́rù: ẹni tí àrá pa, adẹ́tẹ̀, aboyún tí ó kú pẹ̀lú oyún nínú. Nítorí náà, nígbà tí àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run ìjímìjí ní kí a gbé òkú onígbàgbọ́ lọ sí ẹ̀yìn ìlú, kò yani lẹ́nu bí ó bá dà lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn bí ẹni pé a ń ju bàbá wọn sínú igbó. Mo rò pé ìtìjú àtijọ́ yìí kò tíì tán nínú wa. Ẹni tí kò lè sin bàbá rẹ̀ sí ọ̀ọ̀dẹ̀ ń wá ibi tí ó dà bí ọ̀ọ̀dẹ̀ nínú itẹ́ òkú. A sì máa ń wí pé ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ni ó bímọ. Ìfẹ́ ọmọ sí òbí wà nínú rẹ̀, ìgbéraga sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà mìíràn, ẹni tí ó ni ín gan-an kò lè ya ọ̀kan kúrò lára èkejì.

Irú ọ̀rọ̀ yìí ti dé iwájú Ògọ́stínì Mímọ́ rí. Ní nǹkan bí ọdún 421, Bíṣọ́ọ̀bù Paulinus ti ìlú Nola kọ̀wé bi í léèrè, nítorí ìyá kan tí ó fẹ́ kí a sin ọmọ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ibojì Félíksì Mímọ́, bóyá irú àyè bẹ́ẹ̀ ń ṣe òkú ní àǹfààní kankan. Ògọ́stínì dáhùn pé ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀ kò lè gbé òkú lárugẹ lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Àǹfààní tí ó wà níbẹ̀ ni pé, bí ìyá náà bá rántí ibi tí ọmọ rẹ̀ sùn sí, ọkàn rẹ̀ yóò ru sókè láti gbàdúrà fún un. Ògọ́stínì mọ ohun tí ó ń sọ. Mónìkà, ìyá tirẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà bí tiwa, ti tọ́jú àyè kan fún ara rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀ ní ilé. Nígbà tí ikú ká a mọ́ Ostia, ní ilẹ̀ Ítálì, ní ọdún 387, ó ní kí wọ́n sin òun síbikíbi tí ó bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Kìkì ohun tí òun ń bèèrè ni pé kí wọ́n máa rántí òun níbi pẹpẹ Olúwa.

Ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ wa, ẹni tí mo bọ̀wọ̀ fún, ti gbé àbá kan kalẹ̀ tí kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ó ní: Fadá, ẹ jẹ́ kí àwọn olówó san owó ńlá fún àyè ayérayé, kí a fi owó náà kọ́ ògiri, kí a sì máa fi sin tálákà lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tí ó sọ yìí ní ìpìlẹ̀ nínú ìtàn. Ní ọdún 1804, nígbà tí ilẹ̀ Faransé ṣòfin tuntun fún itẹ́ òkú, wọ́n pàṣẹ pé kí olúkúlùkù òkú ní sàréè tirẹ̀, kí ó sì jìn tó mítà 1.5 sí 2. Wọ́n sì gbà kí ẹni tí ó bá fẹ́ ní àyè pàtàkì, bí ó bá lè ta tálákà tàbí ilé ìwòsàn lọ́rẹ. Ní ọdún 1831, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, lẹ́bàá ìlú Boston, wọ́n ṣí itẹ́ òkú ìgbèríko kan tí à ń pè ní Mount Auburn, lórí 72 éékà ilẹ̀ olókè tí igi pọ̀ sí, wọ́n sì ń ta àyè fún ìdílé kọ̀ọ̀kan ní dọ́là 60. Láti ara irú owó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀, ó sì wà títí di òní. Èmi kò lè sọ pé ohun tí wọ́n ṣe kò dára.

Ṣùgbọ́n ẹ wo apá kejì òfin Faransé yẹn. Sàréè ẹni tí kò ra àyè, wọ́n lè tún un gbẹ́ fún òkú mìíràn lẹ́yìn ọdún 5. Ti ẹni tí ó ra àyè ńkọ́? Kò sí ẹni tí yóò fọwọ́ kàn án. Bí òfin kan ṣoṣo ti sọ òkú di oríṣi méjì nìyẹn, nínú ọgbà kan náà. Tiwa kò tilẹ̀ tó éékà méjì. Bí a bá ta ẹ̀gbẹ́ àgbélébùú fún ìdílé mẹ́wàá, gbogbo àwọn yòókù yóò wà lẹ́yìn wọn títí láé, àwọn ọmọ wa yóò sì máa fi ojú wọn kọ́ ohun tí a kò ní í fi ẹnu kọ́ wọn láéláé. Nítorí ìdí yìí ni mo fi sọ fún ìgbìmọ̀ pé èmi kò lè fọwọ́ sí i. Ẹni tí ó bá fẹ́ fún wa ní owó ògiri, kí ó mú un wá. A ó gbà á pẹ̀lú ọpẹ́, a ó sì sin ín sí àyè tí ó bá kàn án.

Ìmọ̀ràn mi, tí ìgbìmọ̀ yóò jíròrò lé lórí ní Ọjọ́bọ̀, ni pé kí owó iṣẹ́ jẹ́ iye kan náà fún gbogbo ènìyàn, kí a sì máa fún olúkúlùkù ní rìsíìtì. Ìdílé tí kò bá lágbára, kí wọ́n sọ fún èmi tàbí Katikísì ní ìkọ̀kọ̀; Ẹgbẹ́ St. Vincent de Paul ti ṣe tán láti ràn wọ́n lọ́wọ́. Ọkọ àti aya lè sùn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, a ó sì tọ́jú àyè kan fún ẹni tí ó kù láyé. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi sìmẹ́ńtì bo ilẹ̀ tí òkú kò tíì sí nínú rẹ̀, kí ibojì má sì fẹ̀ kọjá ìwọ̀n pósí lọ títí yóò fi dí ọ̀nà mọ́ aládùúgbò. Àwọn sàréè àtijọ́ tí orúkọ ti parẹ́ lára wọn, a kò ní í tà wọ́n, a kò sì ní í hú wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá mọ orúkọ ẹni tí ó sùn sínú ọ̀kan nínú wọn, kí ó wá sọ fún mi kí a lè kọ ọ́ sínú ìwé ṣáájú ọjọ́ kejì oṣù Kọkànlá, nígbà tí a ó rú Ẹbọ Mímọ́ fún gbogbo àwọn òkú onígbàgbọ́. Ní ọjọ́ Sátidé tí ó ṣáájú rẹ̀, kí àwọn ọkùnrin mú àdá àti ọkọ́ dání wá sí itẹ́ òkú ní aago méje òwúrọ̀.