Ẹnu Ọ̀nà Gorée: Ìrántí àti Òtítọ́

Erékùṣù Gorée wà nínú òkun, níwájú ìlú Dakar ní orílẹ̀-èdè Senegal. Kò gùn tó kìlómítà kan, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò sì sí níbẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé àlejò débẹ̀, ibi tí ọ̀pọ̀ wọn sì ń kọ́kọ́ béèrè ni ilé kan tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí ọdún 1776, tí wọ́n ń pè ní Ilé Ẹrú. Àtẹ̀gùn méjì ló ti àgbàlá gòkè, wọ́n tẹ̀ síra wọn bí ìwo màlúù. Òkè ni onílé ń gbé. Ìsàlẹ̀ ni àwọn yàrá tóóró wà, tí fèrèsé wọn kò ju ihò lásán lọ. Láàárín àtẹ̀gùn méjèèjì, ọ̀nà ṣókùnkùn kan já sí ẹnu ọ̀nà tó kọjú sí òkun. Ẹni tó bá dúró níbẹ̀, àpáta dúdú tí ìgbì ń lù ló máa rí nísàlẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn, omi lọ rẹrẹ. Ẹnu Ọ̀nà Àrèmábọ̀ ni wọ́n ń pè é.

Boubacar Joseph Ndiaye, tó tọ́jú ilé náà fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó di olóògbé ní 2009, ló sọ ọ́ di ibi mímọ́ lójú ayé. Ohun tó ń sọ fún àlejò ni pé ọ̀kẹ́ àìmọye ẹrú, àní mílíọ̀nù-mílíọ̀nù, ló gba ẹnu ọ̀nà yẹn kọjá. Nelson Mandela dé ibẹ̀ ní 1991. Ní oṣù kejì ọdún 1992, Póòpù John Paul Kejì bẹ Ọlọ́run níbẹ̀ pé kó dárí ẹ̀ṣẹ̀ òwò ẹrú jì. Barack Obama dúró sí ẹnu ọ̀nà náà ní 2013.

Àmọ́ àwọn òpìtàn, Philip Curtin ará Amẹ́ríkà nínú wọn, ta ko ìtàn náà. Àpáta tó wà níwájú ẹnu ọ̀nà yẹn kò lè jẹ́ kí ọkọ̀ òkun sún mọ́ ọn. Nínú nǹkan bí 12,500,000 ènìyàn tí wọ́n kó wọ ọkọ̀ ẹrú láti sọdá Àtìláńtíìkì, ó jọ pé àwọn tó ti Gorée lọ kò ju ọ̀kẹ́ kan sí méjì, ìyẹn 20,000 sí 40,000. Èbúté Luanda ní Àǹgólà ló kó ènìyàn jù. Ouidah ní orílẹ̀-èdè Benin nìkan kó tó mílíọ̀nù kan. Ilé oníṣòwò ni Ilé Ẹrú jẹ́, ti ìdílé Pépin.

Ibí ni ìbéèrè tó le ti dìde: bí ìtàn ibi mímọ́ kan bá yẹ̀, ṣé ẹkún tí wọ́n sun níbẹ̀ di òfo? Àwọn kan ní iye kọ́ ni ọ̀rọ̀ wà, pé bí ó bá ṣe ẹnì kan péré ni wọ́n tà níbẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ náà ti pé. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kó láti Gorée, ilẹ̀ Senegal àti Gambia ni wọ́n ti wá. Àwọn Yorùbá tí wọ́n kó lọ sí Bahia ní Bràsíl àti sí Kúbà, èbúté Ouidah, Àgbádárìgì àti Èkó ni wọ́n gbà. Arọ́mọdọ́mọ wọn tó wá sunkún ní Gorée lónìí ń sunkún níbi tí baba ńlá rẹ̀ kò dé rí.

Àṣà Yorùbá àtijọ́ ní ohun tó lè sọ sí i. Bí ènìyàn bá kú sí ìdálẹ̀, tí kò ṣeé gbé wálé, wọ́n a gé irun rẹ̀ àti èékánná rẹ̀, wọ́n a dì í, wọ́n a fi ránṣẹ́ sí ẹbí. Lórí ìdì kékeré yẹn ni wọ́n ń ṣe ìsìnkú lé, ẹkún tó yẹ òkú ni wọ́n sì ń sun. Kò sẹ́ni tó jiyàn pé ètùtù náà tẹ́ òkú lọ́rùn. Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó tan ọmọ olóògbé pé odindi òkú ló wà nínú ìdì. Ohun tó dúró fún òkú lè gba ẹkún òkú, bí gbogbo ilé bá ti mọ̀ pé ó dúró fún un ni.

Ouidah fi èyí hàn kedere. Ẹnu ọ̀nà gàgàrà tó wà létí òkun níbẹ̀, láàárín àwọn ọdún 1990 ni wọ́n kọ́ ọ. Ẹrú kankan kò gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, kò sì sẹ́ni tó sọ pé wọ́n gbà á. Síbẹ̀, àlejò ń kúnlẹ̀ níbẹ̀. Gorée náà kò nílò àsọdùn kí ó tó lè gba ọ̀wọ̀. Àsọdùn ló ń fún ẹni tó fẹ́ sẹ́ ìwà ìkà náà ní ohun tó máa dì mú.

Àsọdùn náà tún ń bo àwọn kan mọ́lẹ̀. Ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún tó kẹ́yìn ọ̀rúndún kejìdínlógún, ẹrú ló pọ̀ jù nínú àwọn ará Gorée fúnra wọn. Òyìnbó nìkan kọ́ ló ni wọ́n. Àwọn obìnrin oníṣòwò tí wọ́n ń pè ní signare, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ẹ̀jẹ̀ òyìnbó àti ti Áfíríkà lára, wà lára àwọn olówó wọn. Àwọn ẹrú wọ̀nyí ló ń fọṣọ, tó ń gún ọkà, tó ń tukọ̀, tó ń mọ ilé òkúta. Ọ̀pọ̀ wọn kò bá ọkọ̀ kankan lọ: erékùṣù yẹn ni wọ́n dàgbà sí, ibẹ̀ ni wọ́n sì kú sí, àwọn tó ṣì jẹ́ ẹrú níbẹ̀ sì gba òmìnira nígbà tí Faransé fòpin sí oko ẹrú ní àwọn ilẹ̀ rẹ̀ ní 1848.