Ta Ló Ni Ìrètí Náà?

Ìròyìn orí fóònù kan ló bí àròkọ yìí. Ẹnì kan fi í ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan. A kà á, inú wa dùn, a sì pín in fún gbogbo ẹbí láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní àwọn onímọ̀ nípa àbùdá ti rí oògùn tó ń ṣẹ́gun jẹjẹrẹ páńkíríásì. Ọ̀kan lára àwọn tí a pín in fún ni ẹ̀gbọ́n wa àgbà, tí gbogbo ilé ń pè ní Bọ̀dá Tíṣà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ni dókítà ti sọ fún wọn pé àrùn yẹn gan-an ló ń bá wọn jà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Bọ̀dá Tíṣà fèsì. Wọn kò dúpẹ́, wọn kò ṣe àmín. Ìbéèrè kan péré ni wọ́n bi wá: "Èyí tí ẹ fi ránṣẹ́ yìí, ṣé tèmi ni, àbí ti ẹlòmíì?"

A ò rí èsì fọ̀. Láti ọjọ́ náà la ti ń yí i wò, torí ìbéèrè ọ̀hún ju ọ̀rọ̀ oògùn lọ. Nígbà tí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ bá mú ìrètí wá sáyé, ta ló ni ín? Ṣé ẹni tó ń ṣàìsàn lónìí ni, àbí ẹni tí a kò tíì bí? Ṣé ó sì tọ́ ká gbé ìrètí ẹlòmíì lọ fún ẹni tó ṣeé ṣe kó má bá a láyé?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Páńkíríásì jẹ́ ẹ̀yà ara kan tó sùn gbọọrọ sẹ́yìn àpò oúnjẹ. Òun ló ń ṣe lára omi tó ń mú oúnjẹ dà nínú ìfun, òun náà ló ń ṣe ínsúlìn tó ń ṣàkóso ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Torí pé ibi kọ́lọ́fín ló wà, jẹjẹrẹ lè jókòó síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ kí onítọ̀hún má mọ̀. Ẹ̀yìn lè máa dùn ún, kó ní iṣẹ́ oko ló fà á. Ó lè máa rù, kó ní ààwẹ̀ ni. Kí ojú tó pọ́n, kí ìtọ̀ tó pọ́n, àrùn náà sábà máa ń ti tàn dé ẹ̀dọ̀. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, tí ẹ̀rọ àyẹ̀wò pọ̀ sí, nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tí wọ́n bá rí i lára wọn, bíi 13 ló ń lò tó ọdún márùn-ún sí i. Ní àárín àwọn ọdún 1970, bíi 3 ni. Ẹni mẹ́wàá, ní bí àádọ́ta ọdún. A ò mọ̀ bóyá ká yọ̀ ni tàbí ká sunkún.

Ibo wá ni àbùdá ti wọ ọ̀rọ̀ náà? Àwa tí à ń sọ Yorùbá mọ̀ pé àmì ohùn kan ṣoṣo lè sọ ọkọ di ọkọ́, kó sì sọ ọkọ́ di ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ohun tí a kọ sínú sẹ́ẹ̀lì wa. Jíìnì kan wà tí wọ́n ń pè ní KRAS. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé ó yá, dàgbà, pín sí méjì, lẹ́yìn náà kó dákẹ́. Bí lẹ́tà kan bá yí padà níbi tí kò yẹ, kò ní dákẹ́ mọ́. Táàpù tó kọ̀ tí kò ṣeé tì mọ́ ni. Nínú jẹjẹrẹ páńkíríásì mẹ́wàá, bíi mẹ́sàn-án ni KRAS ti bàjẹ́ nínú wọn.

Láti 1982 ni wọ́n ti mọ̀ pé ìdílé jíìnì tí KRAS ti wá lọ́wọ́ nínú jẹjẹrẹ ọmọ èèyàn. Ẹ gbọ́ o, 1982! Ṣùgbọ́n ohun tí jíìnì yìí ń ṣe sínú sẹ́ẹ̀lì ń yọ̀ bí ẹja àrọ̀, oògùn kò rí ibi dì mú lára rẹ̀. Fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń sọ pé kò sóhun tí a lè fi ṣe é. Ní 2013 ni Kevan Shokat àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní San Francisco kéde pé àwọn rí ihò kékeré kan lára oríṣi KRAS kan, èyí tí wọ́n ń pè ní G12C. Ní 2021, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn àkọ́kọ́ tó gba ihò náà wọlé, sotorasib lorúkọ rẹ̀. Ayọ̀ ṣubú layọ̀. Àmọ́ jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ni wọ́n fọwọ́ sí i fún. Nínú ọgọ́rùn-ún ẹni tó ní ti páńkíríásì, ẹnì kan tàbí méjì péré ló ní oríṣi G12C. G12D ló wọ́pọ̀ jù lọ lára tiwọn. Daraxonrasib, oògùn mìíràn tí wọ́n ṣe láti kojú oríṣiríṣi RAS tó ti bàjẹ́, bọ́ sí ìdánwò ńlá fún jẹjẹrẹ páńkíríásì ní 2024. Ìròyìn tí a pín fún ẹbí kò ya ìkankan sọ́tọ̀ nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí. Ó kàn ní wọ́n ti rí oògùn. Àwa náà kò sì bèèrè.

Ẹ tún wo ọ̀ràn BRCA, jíìnì tí ọ̀pọ̀ mọ̀ mọ́ jẹjẹrẹ ọmú. Àwọn kan jogún àléébù rẹ̀, ó sì lè fa ti páńkíríásì náà. Ní 2019, èsì ìdánwò kan tí wọ́n ń pè ní POLO jáde. Wọ́n fún àwọn tó jogún àléébù yìí, tí kẹ́mò ti kọ́kọ́ dá àrùn wọn dúró, ní oògùn olaparib. Ó tó oṣù 7.4 kí àrùn tó tún gbérí lára ìdajì wọn. Lára àwọn tí wọn kò fún, oṣù 3.8 ni. Ìròyìn ayọ̀ nìyẹn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ka iye ìgbà tí ọ̀wọ́ méjèèjì fi wà láyé, wọn kò rí ìyàtọ̀ kan tó ṣeé fọwọ́ sọ̀yà.

Kí la fẹ́ pe ìyẹn? Àwa tí à ń kọ èyí kò fohùn ṣọ̀kan lórí rẹ̀. Ọ̀kan nínú wa ní ẹ̀tàn ni, pé bí ikú bá máa dé ní ọjọ́ tó máa dé, kí ni oògùn wá ṣe? Ọ̀kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì bínú sí i gan-an. Ó ní ẹni tí kò tíì gbé aláìsàn dìde lórí bẹ́ẹ̀dì ló máa sọ bẹ́ẹ̀, pé oṣù mẹ́ta àbọ̀ tí àrùn kò fi gbérí kì í ṣe oṣù mẹ́ta àbọ̀ lásán: ìsọmọlórúkọ lè bọ́ sí i, ìgbéyàwó lè bọ́ sí i, èèyàn lè fi parí ìjà tó wà láàárín òun àti àbúrò rẹ̀. A gbà pẹ̀lú nọ́ọ̀sì. Ohun tí a ò gbà ni kí wọ́n sọ fún aláìsàn pé oṣù yẹn jẹ́ ọdún.

Èyí tó gbà wá lọ́kàn jù ni ti àwọn èèyàn mẹ́rìndínlógún kan ní New York. Dókítà Vinod Balachandran ló ṣáájú iṣẹ́ náà ní ilé ìwòsàn Memorial Sloan Kettering. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún aláìsàn, wọ́n gé jẹjẹrẹ kúrò, wọ́n fi ohun tí wọ́n gé ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ BioNTech ní ìlú Mainz ní Jámánì. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ka àbùdá rẹ̀, tí wọ́n sì ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ẹni yẹn nìkan. Ti Lágbájá kò lè ṣiṣẹ́ fún Tàmẹ̀dò. Wọ́n lo kẹ́mò àti oògùn mìíràn mọ́ ọn. Èsì jáde ní oṣù karùn-ún 2023: ara àwọn mẹ́jọ gba abẹ́rẹ́ náà, ọmọ ogun ara wọn dá jẹjẹrẹ mọ̀, ara àwọn mẹ́jọ yòókù kò gbà á. Nígbà tó fi di 2025, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ó lé, àrùn ti padà wá bá méjì nínú àwọn mẹ́jọ àkọ́kọ́. Nínú àwọn mẹ́jọ kejì, méje ló padà bá.

Ìdánwò kékeré ni, a kì í fi èèyàn mẹ́rìndínlógún ṣe ìlérí fún gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn mẹ́jọ tí ara wọn kò gbà á. Àwọn ìròyìn tí à ń kà kì í pẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Àwọn náà fọwọ́ síwèé, àwọn náà na apá sílẹ̀ fún abẹ́rẹ́. Lára wọn sì ni wọ́n ti rí ohun tí wọ́n fi wọn ti àwọn yòókù, tí wọ́n fi mọ̀ pé ó jọ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ìrètí tí gbogbo ayé ń gbé kiri yìí, ara wọn ló gbà kọjá, kò sì dúró lọ́dọ̀ wọn.

Ìdílé kan wà tí ìbéèrè Bọ̀dá Tíṣà bá mu wẹ́kú: ìdílé Jimmy Carter, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà kan. Jẹjẹrẹ páńkíríásì pa bàbá rẹ̀ ní 1953, ìyẹn ló mú un fi iṣẹ́ ológun ojú omi sílẹ̀ lọ bójú tó oko ẹ̀pà wọn ní Plains, ní Georgia. Àrùn kan náà pa àbúrò rẹ̀ Ruth ní 1983, ó pa Billy ní 1988, ó pa Gloria ní 1990. Òun nìkan ló kù nínú àwọn ọmọ. Ó gbà pé sìgá tí òun kò mu ló ya òun sọ́tọ̀. Ní 2015, nígbà tó ti ń lọ sí ẹni ọdún 91, jẹjẹrẹ awọ ara tàn dé ẹ̀dọ̀ àti ọpọlọ rẹ̀. Wọ́n fún un ní pembrolizumab pẹ̀lú àwọn ìtọ́jú mìíràn, nígbà tó sì di oṣù kejìlá ọdún yẹn, ó kéde pé wọn kò rí àrùn náà mọ́. Ọdún 2024 ló kú, lẹ́ni 100 ọdún. Oògùn yẹn kò tíì pé ọdún kan tí wọ́n fọwọ́ sí i nígbà tó nílò rẹ̀! Kì í ṣe pé ó sàn ju bàbá rẹ̀ lọ. Ọjọ́ ló bá a mu. (A ò sì lè gbàgbé pé àjọ tó dá sílẹ̀ lọ́wọ́ nínú bí sòbìà ṣe kásẹ̀ nílẹ̀ ní Nàìjíríà. Àwọn tí sòbìà dá gúnlẹ̀ nílé nígbà tí oko ń pè wọ́n kọ́ ló jẹ adùn rẹ̀ jù, ọmọ wọn ni.)

Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sílé rárá. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ HapMap ní 2002, láti mọ ibi tí àbùdá èèyàn ti yàtọ̀ síra, 270 èèyàn ni wọ́n lo ẹ̀jẹ̀ wọn. Nínú wọn, 90 jẹ́ Yorùbá ní Ìbàdàn: bàbá, ìyá, ọmọ, láti ọgbọ̀n ìdílé. Ní 2008, nígbà tí wọ́n gbé ọ̀nà tuntun jáde láti máa ka àbùdá kíákíá, ti ọkùnrin Yorùbá kan láti Ìbàdàn ni wọ́n kà láti fi hàn pé ó ṣiṣẹ́. Orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀, nọ́ńbà ni: NA18507. Irú ọ̀nà ìkàwé yẹn ló gbòde títí dòní, òun ni wọ́n sì ń lò jù láti wo ohun tó bàjẹ́ nínú jẹjẹrẹ. Ẹ̀jẹ̀ wa ti wà nínú ìkòkò náà tipẹ́. Ọbẹ̀ ni kò tíì kárí: àwọn ará Yúróòpù àti ọmọ wọn ló ṣì pọ̀ jù nínú ìwádìí àbùdá, oògùn tó ń ti ibẹ̀ jáde sì sún mọ́ aláìsàn New York ju ti Ìbàdàn lọ. Inú wa kò dùn sí i, a ò sì ní díbọ́n.

Ẹnì kan lè ní, kí ló kàn yín? Bí irọ́ bá mú aláìsàn sùn, kí ló burú níbẹ̀? A ti gbé ọ̀rọ̀ yìí wò dáadáa, torí ilé wa náà la ti máa ń fi orúkọ àrùn pamọ́ fún ẹni tó ń ṣe. Ìdáhùn wa ni pé irọ́ náà ń gba owó. A mọ ẹbí tó ta ilẹ̀ nítorí oògùn tí kò sí. Ó sì ń gba àkókò, èyí tó ṣọ̀wọ́n ju ilẹ̀ lọ.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. À ń retí àlejò tó ti ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀. Ẹni tí kò ránṣẹ́, a lè máa fẹ́ kó wá, a lè máa gbàdúrà kó wá, ṣùgbọ́n a kì í sọ pé à ń retí rẹ̀. Ohun tí a fi ránṣẹ́ sí Bọ̀dá Tíṣà ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, àdúrà ni. Àdúrà kò burú. Ibi tí a ti ṣẹ̀ wọ́n ni pé a fi aṣọ ìròyìn wọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tó kàn ní "ẹ máa gbé wọn lọ sílé" ṣẹ̀ wọ́n, nítorí ohun kan wà tó ti ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ lóòótọ́, àwa ni a ò wò ó.

A lọ bá wọn ní ọjọ́ Sátidé. A jókòó, a tọrọ àforíjì, a sì sọ ọ́ bó ṣe rí: oògùn inú ìròyìn yẹn kò tíì jẹ́ tiwọn. Àmọ́ àwọn onímọ̀ jẹjẹrẹ ní Amẹ́ríkà ti ń gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí ẹnikẹ́ni tó bá ní àrùn yìí ṣe àyẹ̀wò àbùdá tó jogún. Bí wọ́n bá rí àléébù BRCA níbẹ̀, ó lè yí irú ìtọ́jú padà díẹ̀ fún wọn. Ó sì lè jẹ́ kí àwọn ọmọ wọn àti àwa àbúrò mọ̀, ká lè tètè máa ṣọ́ ara wa.

Wọ́n gbọ́ tán, wọ́n dákẹ́. "Ó wá jẹ́ pé ti àwọn ọmọ ló pọ̀ jù níbẹ̀."

A ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

"Ẹ̀jẹ̀ mélòó ni wọ́n fẹ́ gbà?"

A ní ìgò kékeré kan ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Wọ́n ní bí wọ́n ṣe ń wo ojú wa, àwọn rò pé kẹ́ẹ̀gì ni.

Ọjọ́ Túsìdeè la gbé wọn lọ. Wọ́n ti wọ agbádá kí a tó dé. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ náà, wọ́n fi ránṣẹ́ sí òkè òkun. Èsì kò tíì dé bí a ṣe ń kọ èyí, ọmọ wọn obìnrin tó wà ní Ìlọrin sì ti pè lẹ́ẹ̀mejì láti bèèrè.