Ta Ni Ó Ń Gbọ́ Gbígbó Ajá?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí á sùn lóru. Nígbà tí a bá ń gba ènìyàn níyànjú nípa ìwà ni a sábà máa ń pa òwe yìí. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé ti àfiwé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí a wo òwe náà bí wọ́n ṣe pa á gan-an, ọ̀rọ̀ ariwo òru ni ó dá lé: ẹnì kan jẹ ohun tí ó wù ú, ẹlòmíràn kò rí oorun sùn. Ẹni tí kò rí oorun sùn ni òwe náà sì di ẹrù ọ̀rọ̀ sísọ lé lórí. Kò sọ ohun tí ó yẹ kí ẹni tí a wá bá sọ̀rọ̀ ṣe. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà, kò sì sí ibi tí ó ti hàn kedere tó ọ̀rọ̀ ajá tí ń gbó láàrin àdúgbò.

Ajá kì í ṣe àlejò láàrin Yorùbá. Òun ni ọdẹ ń mú lọ sí ìgbẹ́, òun ni a fi ń bọ Ògún, ìtàn ọdẹ tí ajá rẹ̀ mẹ́ta gbà lọ́wọ́ ikú sì jẹ́ àlọ́ tí tọmọdé tàgbà mọ̀. Nínú agbo ilé àtijọ́, ajá ní olówó lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ inú agbo ilé ni ó ń ju egungun fún un, òun náà sì ni ó ń palẹ̀ ìgbẹ́ ọmọ ọwọ́ mọ́ fún ìyá tí ó bá pè é. Kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé orí ìso. Bí ó bá gbó ní ọ̀gànjọ́, baálé a yọjú wo ohun tí ó rí, ọ̀rọ̀ a sì tán síbẹ̀. Ẹni tí ó ni ajá àti ẹni tí ajá dí lọ́wọ́ oorun, inú ọ̀ọ̀dẹ̀ kan náà ni wọ́n wà. Ohun tí ọ̀kan bá gbọ́, èkejì ti gbọ́ ọ.

Ilé olódi ni ó yí nǹkan padà. Láti ìgbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti kọ́ ilé sí Bódìjà ní Ìbàdàn ní ìparí àwọn ọdún 1950, tí irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ sì ń pọ̀ sí i káàkiri, oníkálukú ń gbé inú ọgbà tirẹ̀, pẹ̀lú ògiri àti géètì. Ajá wọ inú ọgbà náà, a fi ẹ̀wọ̀n so ó mọ́ ẹ̀yìnkùlé, a ní kí ó máa ṣọ́lé. Olówó rẹ̀ jí ní ìdájí, ó wọ ọkọ̀, ó di ìrọ̀lẹ́. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ yìí, ta ni ó wà pẹ̀lú ajá?

Kí á mú àpẹẹrẹ kan tí ó wọ́pọ̀. Bàbá kan wà tí ó ń ṣòwò pákó. Ó ti tó ẹni ọgọ́ta ọdún, a sì ń bọ̀wọ̀ fún un ní àdúgbò. Olè jà á lẹ́ẹ̀kan, ó ra ajá, ó so ó sí ẹ̀yìn ilé lẹ́bàá ògiri. Lódì kejì ògiri náà ni fèrèsé nọ́ọ̀sì kan wà, ìyá ìbejì, tí ó máa ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé ìwòsàn. Ó fara dà á títí, ó wá lọ kan ilẹ̀kùn bàbá náà ní alẹ́ ọjọ́ kan.

“Ẹ kú ilé o, Bàbá. Ẹ má bínú pé ilẹ̀ ti ṣú kí n tó wá.”

“Ìyá Ìbejì, wọlé. Ṣé àlàáfíà ni?”

“Àlàáfíà ni, sà. Ọ̀rọ̀ ajá yín ni mo bá wá. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé láàárọ̀, n kì í rí oorun sùn. Láti aago mẹ́jọ títí di ọ̀sán ni ó máa ń gbó.”

“Ajá tèmi? Ajá tèmi kì í gbó bí kò bá rí nǹkan. Inú ilé yìí náà ni mo ń gbé, n kò gbọ́ ọ rí. Ajá yìí kan náà ni ó sì ń ṣọ́ gbogbo wa. Láti ìgbà tí mo ti rà á, ṣé olè ti wọ ilé tìrẹ?”

“Rárá, sà. Ó dáa, sà. Ó dàárọ̀ o.”

Ó lọ sílé. Bàbá náà ti ilẹ̀kùn, ó sì gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun ti sọ òtítọ́.

Ǹjẹ́ irọ́ ni ó pa? Irọ́ kọ́. Ẹran tí í gbé ní agbo ni ajá, ìdílé kan náà ni òun àti ìkookò ti wá. Dídáwà kì í bá a lára mu. Bí a bá so ó sí ojú kan, tí gbogbo ilé sì jáde, ọ̀pọ̀ ajá ni yóò máa ké pe àwọn tí ó lọ. Etí rẹ̀ tún ń gbọ́ ìró tín-ín-rín tí etí ènìyàn kò lè gbọ́, nítorí náà ohun tí a ń pè ní ìdákẹ́rọ́rọ́ kì í ṣe ìdákẹ́rọ́rọ́ lójú tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ní kété tí ó bá gbọ́ ìró ọkọ̀ olówó rẹ̀ lẹ́nu géètì, ẹkún tán, ìrù ni yóò máa jù. Bàbá náà kò gbọ́ gbígbó ajá rẹ̀ rí nítorí pé bíbọ̀ tirẹ̀ gan-an ni ó ń pa á lẹ́nu mọ́. Ìyá Ìbejì ń gbọ́ ọ, obìnrin tí ń din àkàrà lódìkejì títì ń gbọ́ ọ, àwọn ọmọ tí ń ti ilé ẹ̀kọ́ bọ̀ ń gbọ́ ọ. Nínú gbogbo àdúgbò, ẹnì kan ṣoṣo tí kò lè gbọ́ ọ ni ẹni tí ó ni ajá.

Ohun tí ó mú ọ̀rọ̀ yìí wúwo nìyí. Ọ̀pọ̀ ìjà láàrin àwọn aládùúgbò ni kò ní irọ́ kankan nínú. Ẹni kìíní sọ ohun tí ó gbọ́, ẹni kejì sọ pé òun kò gbọ́ ọ, òótọ́ sì ni àwọn méjèèjì ń sọ. Àṣìṣe bàbá náà kò sí nínú pé kò gba obìnrin náà gbọ́ lójú ẹsẹ̀. Kò sí òfin ọmọlúwàbí tí ó ní kí ènìyàn gba gbogbo ẹ̀sùn gbọ́ kí ó tó wádìí rẹ̀. Àṣìṣe rẹ̀ ni pé ó fi àìsínílé ṣe ẹ̀rí. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Bàbá náà tilẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ: òun ni a fẹjọ́ sùn, òun ni ẹlẹ́rìí, òun ni adájọ́, ẹjọ́ sì parí kí ó tó fún àlejò rẹ̀ ní àga.

Ọ̀rọ̀ kejì tí ó sọ, pé ajá náà ń ṣọ́ gbogbo wọn, kò yẹ kí á fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Olè a máa bẹ̀rù ilé tí ajá ti ń gbó, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ iye òru tí ajá náà ti lé ènìyàn burúkú kúrò lẹ́bàá fèrèsé Ìyá Ìbejì. Ṣùgbọ́n ajá tí ń gbó ewé, tí ń gbó ẹyẹ, tí ń gbó ẹni tí ń kiri búrẹ́dì, ohùn kan náà ni yóò fi gbó ní ọjọ́ tí olè bá dé, àwọn tí ó yẹ kí ó jí yóò sì fa aṣọ borí. Ju ìyẹn lọ, ọ̀sán ni obìnrin náà ń sọ, òru ni bàbá fi dá a lóhùn. Ẹni tí a bá ṣe lóore lóru kò tìtorí rẹ̀ jẹ wá ní gbèsè oorun ọ̀sán, pàápàá nígbà tí kò sí ẹni tí ó bi í léèrè bóyá ó fẹ́ irú oore bẹ́ẹ̀.

Kí á má wá ṣe bí ẹni pé ẹni tí ń ráhùn kì í jẹ̀bi. Ìyá Ìbejì fara dà á títí. Sùúrù ni à ń pè é, ó sì lè jẹ́ sùúrù lóòótọ́, ṣùgbọ́n sùúrù mìíràn wà tí í ṣe ìbẹ̀rù, òmíràn sì wà tí í ṣe ìbínú tí a ń tọ́jú pamọ́ bí owó. Aládùúgbò tí ó bá pa ẹnu mọ́ fún oṣù mẹ́fà, tí ó wá bú gbàmù ní oṣù keje, ti fi oṣù mẹ́fà du ọmọnìkejì rẹ̀ ní àǹfààní àtiṣàtúnṣe. Àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ bú gbàmù. Wọn a ra ajá tiwọn, wọn a sọ ọ́ ní Tanímọ̀la tàbí Ẹ̀yìnlàárò, wọn a sì máa pè é kíkankíkan nígbàkigbà tí ẹni tí wọ́n ń bá wí bá ń kọjá. Akẹ́kọ̀ọ́ èdè a gbádùn irú orúkọ bẹ́ẹ̀, ẹwà rẹ̀ kò sì ṣe é sẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí kò ní èsì ni. Ẹni tí a sọ ọ́ sí kò lè dáhùn láìjẹ́ pé ó dá ara rẹ̀ lẹ́bi, nígbà tí ẹni tí ó sọ ọ́ lè wí pé ajá òun ni òun ń pè. A sọ̀rọ̀ tán, a sì ti ilẹ̀kùn ọ̀rọ̀ mọ́ ẹni tí a bá wí.

Ti àwọn tí ń ju ẹran onímájèlé sọdá ògiri burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì yẹ kí ó gba àkókò wa púpọ̀. Ajá kò dá ara rẹ̀ so mọ́ ẹ̀yìnkùlé. Ẹkún ni ó ń sun, wọ́n sì pa á nítorí ẹkún.

Ohun kan tún wà tí àwọn tí ń wàásù pé kí a máa sọ̀rọ̀ jáde sábà máa ń gbàgbé. Sísọ̀rọ̀ kò rọrùn fún gbogbo ènìyàn bákan náà. Bí onílé ni ó ni ajá, tí ayálégbé ni kò rí oorun sùn, ẹ̀sùn lè di ìwé ìkìlọ̀ kí ó kó jáde. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò jẹ̀bi bí ó bá rán àgbàlagbà kan sí bàbá onílé tàbí bí ó bá gba ọ̀dọ̀ ìyàwó onílé lọ. Gbígba ọ̀nà àbùjá kò sọ ẹjọ́ di irọ́.

Òfin náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lórí èyí. Ní 1970, ilé-ẹjọ́ gíga ní Èkó dá ẹjọ́ aládùúgbò méjì ní Súrúlérè. Ọ̀kan ń sin adìẹ sí ẹ̀yìnkùlé. Èkejì ní ariwo àwọn adìẹ náà ní ìdájí kò jẹ́ kí òun sùn, òórùn wọn sì ń yọ òun lẹ́nu. Ẹni tí ó pẹjọ́ ni adájọ́ dá láre. Nínú irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, òfin kì í gbé e karí bóyá ẹni tí ó ni ẹran ní èrò ibi lọ́kàn. Ohun tí ó ń wò ni ohun tí ènìyàn bí ẹni gbogbo lè fara dà ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀. Ariwo tí ó tọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọjà lè máà tọ́ sí àárín ilé gbígbé, ẹni tí ara rẹ̀ kò gba ìró kékeré kò sì lè fi ara tirẹ̀ ṣe òṣùwọ̀n fún gbogbo ayé. Òṣùwọ̀n tí ó dára ni. Síbẹ̀, a kì í ti kóòtù bọ̀ kí á ṣọ̀rẹ́. Ó yẹ kí á ṣọ́ òwe yìí náà, nítorí àwọn tí ó jẹ̀bi ni ó fẹ́ràn láti máa pa á fún ẹni tí ìyà ń jẹ. Bí gbogbo ọ̀nà bá dí, kóòtù kì í ṣe èèwọ̀. Kìkì pé adájọ́ lè pàṣẹ kí a kó adìẹ kúrò; kò lè fún ẹnikẹ́ni ní etí aládùúgbò rẹ̀.

Kí á padà sí ọ̀dọ̀ bàbá oníṣòwò pákó. Ìdáhùn obìnrin náà, “Ó dáa, sà,” ni kò jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Kò bá a jiyàn, kò sì tún padà wá. Ní ọjọ́ kẹta, bàbá náà jáde bí ó ti máa ń ṣe, ó gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ títì, ó fi ẹsẹ̀ gba ọ̀nà ẹ̀yìn padà, ó sì kan ilẹ̀kùn Ìyá Ìbejì. Ó ní bí kò bá ní dí i lọ́wọ́, òun fẹ́ jókòó díẹ̀. Obìnrin náà fún un ní àga lẹ́bàá fèrèsé, ó wọ yàrá lọ láti wá oorun.

Fún ìgbà díẹ̀ kò sí ìró kankan, bàbá náà sì ti ń múra àti dìde. Lẹ́yìn náà ni ajá bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe gbígbó tí ó mọ̀, èyí tí í fi í kí àlejò lẹ́nu géètì. Ohùn gígùn ni, bí ẹkún, yóò dúró díẹ̀ bí ẹni ń retí èsì, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀. Orúkọ ajá náà ti dé ẹnu rẹ̀, ṣùgbọ́n ó rántí pé bí òun bá fọhùn, yóò dákẹ́. Ó jókòó síbẹ̀ títí aago mẹ́wàá fi lù.

Ní ọjọ́ Sátidé ó pe káfíńtà. Wọ́n gbé ilé ajá náà lọ sí iwájú, lábẹ́ igi máńgòrò, níbi tí ó ti lè máa rí ènìyàn. Wọ́n tú ẹ̀wọ̀n ọrùn rẹ̀, bàbá náà sì bẹ ọmọ obìnrin aládìn-àkàrà pé kí ó máa wọlé wá bá a ṣeré ní ọ̀sán. Ajá náà ṣì ń gbó. Bí adìẹ bá kọjá, yóò gbó. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, bí bàbá náà bá pàdé Ìyá Ìbejì lẹ́nu géètì, a bi í pé, “Báwo ni oorun ọ̀sẹ̀ yìí?” Nígbà mìíràn obìnrin náà a ní ó sunwọ̀n, nígbà mìíràn a ní, “Bàbá, ti ọjọ́bọ̀ pọ̀ díẹ̀ o.”